Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Ní Hải Phòng, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí.
Ṣọ́ọ̀bù Khuê kò tóbi ju yàrá kan lọ:
kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ife tíì tó ti tutù.
Ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ òjò,
ó ń dúró de àwòrán ìyá rẹ̀.
Ọ̀la ni wọn yóò sin ín.

Khuê ti so ojú fọ́tò tó ya pọ̀,
ó ti nu àbàwọ́n omi kúrò níwájú orí ìyá,
ó ti hu irun funfun síbi tí kòkòrò jẹ.
Ó ku orúkọ.
“Tỵ,” ni ọkùnrin náà wí. “Ọdún ejò ni wọ́n bí i.”

Ó tẹ T. Ó tẹ y. Ó tẹ j,
nítorí j ni bọ́tìnnì tí í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà
níbi gbogbo tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nílùú wọn.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwòrán yìí kò gbọ́.
Tyj ló kọ, gbàgàdà, sábẹ́ àgbọ̀n òkú.
Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Tyyj.
Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án,
bí ẹni ń jí ọmọ tó ń díbọ́n oorun.
Tyj.
Ó lọ kọ ọ́ síbòmíràn, lórí ìwé lásán:
Tỵ, ó jáde kedere, tòun tàmì rẹ̀.
Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó gbé e wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán.
Àpótí òfìfo ló bá níbẹ̀, bí àlàfo eyín tó ká.

Vượng, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ní,
“Tý wà nínú lẹ́tà ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ta ló máa wò ó?”
Eku ni Tý.
Ìyá tí a bí lọ́dún ejò, kí a fi orúkọ eku sin ín?
Ìwọ tó ń kà á, má rẹ́rìn-ín;
o mọ ohun tó ya oko sọ́tọ̀ lára ọkọ.

Àmì dúdú kan wà ní àgbọ̀n ìyá náà.
Láàárọ̀, Vượng ti fẹ́ pa á rẹ́,
ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ló pariwo:
“Fi í sílẹ̀! Ibẹ̀ ni mo máa ń fi ìka tẹ̀
kí n tó sùn.”

Khuê wò ó títí.
Ó ṣe ẹ̀dà àmì náà láti ara àgbọ̀n,
ó dín in kù, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
sábẹ́ y.
Kò bọ́ sáàárín. Ó yẹ̀ sósì díẹ̀.
Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ka orúkọ ìyá rẹ̀ sókè,
ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, bí orúkọ náà ṣe fẹ́.
Ó ki àwòrán bọ ọ̀rá, ó fi í sáyà lábẹ́ aṣọ òjò,
ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Vượng lẹ bébà kan mọ́ etí kọ̀ǹpútà:
Má gbẹ́kẹ̀ lé j.