Ọmọńlé Inú Fíìmù

Yàrá kan ní Òkè-Baálẹ̀, lẹ́yìn ilé àwọn aláró,
fèrèsé méjèèjì la fi páálí dí pa,
nítorí oòrùn kì í dúró sójú kan,
àwa sì ń wá àárọ̀ kan
tí yóò pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Gílóòbù kan nínú abọ́ páànù ni oòrùn tiwa.

Pẹ̀ńpẹ́ ló dúró lórí tábìlì,
kò ga ju ìgò ẹlẹ́rìndòdò lọ.
Wáyà ni egungun rẹ̀.
Fóòmù bẹ́ẹ̀dì Rábíù ni ẹran ara rẹ̀,
bẹ́ẹ̀dì tí Rábíù tọ̀ sí nígbà tó wà ní kékeré
(ó ní ká má sọ fún àwọn tẹlifíṣọ̀n).
Orí rẹ̀, amọ̀ tí a fi ìda pò.
Aṣọ rẹ̀, àjákù àdìrẹ ẹlẹ́kọ
tí ìyá Sìkírá fẹ́ fi nu ọwọ́.
Ẹnu mẹ́tàdínlógún ló ní nínú agolo mílíìkì:
ẹnu "à", ẹnu "ọ̀", ẹnu ẹ̀rín,
ẹnu ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ òní kò ju èyí lọ:
kí Pẹ̀ńpẹ́ jí, kó nà, kó lọ ṣílẹ̀kùn.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré.
Àmọ́ àwòrán méjìlá ló ń gbé ìṣẹ́jú àáyá kan ró;
ọgọ́fà ìgbà ni n óò fọwọ́ kàn án,
tí n óò mú ọwọ́ kúrò, tí n óò sé èémí,
tí Rábíù yóò tẹ kámẹ́rà: kẹ̀.

Mo gbé apá rẹ̀ sókè bí ìbú hóró ìrẹsì. Kẹ̀.
Mo tún gbé e. Kẹ̀.
Mo yí ọrùn rẹ̀, mo la ojú kan. Kẹ̀.
Ẹni tó bá ń rìn báyìí láti ilé wa
yóò hewú kó tó dé Ìgbọ̀nà.

Ẹ má sì sọ pé mò ń mú un rìn.
Ó dúró ni. Gbogbo ìgbà ló dúró.
Àárín ìdúró kan sí èkejì
ni ìrìn ń sá pamọ́ sí,
àwa tí a ń ṣe é ò sì rí i rí.

Àwòrán ọ̀kanlélọ́gọ́ta la wà tí iná lọ.
Àárọ̀ wa di òru.
Pẹ̀ńpẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
píìnì di èkejì mú mọ́ tábìlì.
Èmi náà ò mira, kí n má baà gbá a.
Jẹnẹrétọ̀ télọ̀ kejì wa ló kọ́kọ́ fọhùn;
tiwa ń wúkọ́, ó ń wúkọ́,
a jẹ gúgúrú nínú òkùnkùn.

Nígbà tá a tò wọ́n jọ lálẹ́,
Pẹ̀ńpẹ́ jí. Ó nà. Ó gbẹ́sẹ̀.
Èmi tí mo mọ wáyà rẹ̀ níye, ara mi bù máṣọ.
Ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ ògiri páálí,
ọmọńlé kan tẹjú mọ́ kámẹ́rà:
àwòrán kan ṣoṣo.
Kò sí nínú èyí tó ṣáájú,
kò sí nínú èyí tó tẹ̀ lé e.
Rábíù ní ká pa á rẹ́.
Mo ní kó lọ jẹun ná.
N kò sọ fún un pé àtàǹpàkò mi náà wà níbẹ̀,
tó tẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ amọ̀,
tó ń mì lójú Pẹ̀ńpẹ́ bí ẹni pé ó ń ronú.

Ọjọ́ Sátidé, nílé ẹ̀gbọ́n mi,
Mọdínátù, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ẹ̀kọ dì sí i lẹ́nu.
Kò bi mí pé ta ló jí Pẹ̀ńpẹ́.
Ṣebí ilẹ̀ ló mọ́.
Ó dìde, ó lọ yọjú sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n:
"Ọmọńlé yẹn dà?
Ṣé ilẹ̀kùn tí Pẹ̀ńpẹ́ ṣí ló bá jáde?"

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.
Mo ní, "Àfàìmọ̀."