Mẹ́tàlá Kì Í Ṣe Ààbọ̀ Íǹṣì

Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá.
Àpótí irin méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀:
ọ̀kan fún sípánà oníǹṣì,
èkejì fún ti onímílímítà.
Bí o bá dà wọ́n pọ̀, wàá gba ìgbátí.
"Mẹ́tàlá jọ ààbọ̀ íǹṣì lójú,
ṣùgbọ́n orí nọ́ọ̀tì mọ̀ wọ́n yàtọ̀."
Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ kọ̀ǹpútà ni mí.

Lọ́dún tó kọjá, nínú yàrá wa n'Íbarà,
èmi àti Ṣókúnbi kọ ètò fún ṣíìpù kan
tí kò tó èékánná àtàǹpàkò,
kó máa ṣọ́ ooru nínú ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin
fún Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ l'Ọ́bántokò.
Ọ̀rọ̀ kan náà, àmì kan náà.
Atúmọ̀ orí kọ̀ǹpútà Ṣókúnbi ló jẹ́ ti ọdún mìíràn:
ó fo ìlà kan tó rò pé kò wúlò,
ìlà tó ní kí iná kú bí ooru bá pọ̀.

Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin, ó dín mẹ́rin.
Obìnrin náà ò pariwo.
Ó fọ́ ọ̀kan sínú àwo, ó gbé e síwájú wa.
Ìyẹ́ ti hù lápá kan.
Ṣókúnbi ní, "Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣiṣẹ́."
"Ṣé inú kọ̀ǹpútà yín ni adìyẹ mi ń gbé?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́,
mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù ìyàwó:
atúmọ̀ yìí, nọ́ńbà rẹ̀ rèé, kì í ṣe àbúrò rẹ̀;
láíbúrárì yìí; irinṣẹ́ tó ń ti ètò wọ ṣíìpù.
Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ntẹ́nà kan, mo pa á dé.
Kì í ṣe irú èyí tí ọkọ̀ òkun ń já l'Ápápá o:
èyí ò ní irin, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri.
Ó kọ́kọ́ ya aláìgbọràn, kò rí wáyà ṣíìpù,
àfi ìgbà tí mo lu ihò kékeré sí i lára.
Ṣókúnbi fà á sórí tirẹ̀.
Báìtì sí báìtì, àbájáde wa dọ́gba.
Kò sẹ́ni tó hó yèè. A pín ìrẹsì tútù jẹ.

Nígbà tí mo dé ilé, bàbá ti sùn.
Mo fa àpótí oníǹṣì jáde, mo ṣí i.
Mẹ́tàlá kan sùn láàárín wọn.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún Iléyá ọjọ́sí.
N kò jí i.
Mo dá a padà sí àyè rẹ̀.