Òkúta Leota

Ọjọ́ kejì tí a sin Màmá Leota,
a jókòó yí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ká,
àwa ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti àpò aṣọ kékeré kan.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ilé.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ọkọ̀.
Òkúta la ń wò.

Kò ju ẹyin adìẹ lọ. Ó ní àwọ̀ ẹ̀dọ̀.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ wọnú
níbi tí àtàǹpàkò àwọn ìyá mẹ́rin ti sùn sí.
Etí odò Catawba ni wọ́n ti ṣà á,
kí wọ́n tó sé odò náà mọ́lé nítorí iná mànàmáná.
Òun ni wọ́n fi ń ra ara ìkòkò tútù
títí yóò fi máa dán bí iwájú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ihò amọ̀ wà. N kò ní sọ ibi tó wà.
Ẹ kọjá oko àgbàdo, ẹ yà sí...
rárá, mo ti sọ jù.
Màmá a wọ bàtà rọ́bà, a wa ilẹ̀,
a bu amọ̀ sórí ahọ́n, a tọ́ ọ wò:
“Èyí yóò là. Èyí gba iná.”
Amọ̀ mọ̀ wá, ní í wí, ju bí a ti mọ ọ́n lọ.

Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò elérí ejò kan dé Rock Hill,
ó fi pààrọ̀ kóòtù àlòkù tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pé.
Kóòtù ti gbó, ó ti di aṣọ ìnulẹ̀.
Ìkòkò wà nínú gíláàsì lónìí, lábẹ́ iná funfun;
a ń sanwó ká tó kí i.

Ọdún tí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé
pé a kì í ṣe ẹ̀yà kankan mọ́,
Leota sun ìkòkò mọ́kànlélógún lẹ́yìnkùlé.
Méjì péré ló fọ́.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ìwé tó yí ohùn padà.
Iná rẹ̀ kò dúró de ìwé.

Èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wa.
*Iswa*, odò: mo di èyí mú bí ọmọ ṣe ń di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Ǹjẹ́ ta ni yóò gba òkúta?
Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Wynona, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀.
Àǹtí Verdie wúkọ́:
“Leota ní kí ẹ fún Narcie.”
Èmi! Tí ìkòkò mi ń bú nínú iná bí ìbọn!
“Ó ní ẹni tí tirẹ̀ ń fọ́ ni òkúta ń sìn.”
Wynona dìde, ó fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo ti àtàǹpàkò bọ kòtò náà.
Kò gbà á. Ìka mi tóbi jù.

Ní ìdájí, fèrè ọkọ̀ dún níta.
Wynona ni. Garawa méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀,
bàtà rọ́bà Màmá wà lórí ìjókòó mi.
Kò kí mi.
“Wọlé,” ló wí. “Òjò ń bọ̀.”