Agolo Ọ̀dà Mẹ́ta

Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là ni ọkùnrin ẹ̀bá Portage pe iṣẹ́ náà.
Mo ní, nítorí kí ni? Nítorí ike?
Ó ní, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni, màdáámú.
Mo wo ọwọ́ tèmi. Méjì ni. Mo wakọ̀ mi lọ sílé.

Kọ̀rólà yìí ti pé ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń mí bí ọmọ tó yó,
ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ṣá,
etí ilẹ̀kùn bó bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò rí òrí fi pa lọ́yẹ́,
ibi tí mò ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù.

Ogójì dọ́là ni mo ní. Agolo ọ̀dà mẹ́ta,
sáńpépà, ìgò sípírítì kan,
téèpù tí Mofìyìn fi ń lẹ iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀.
Ọ̀bẹ bọ́tà ni mo fi aṣọ wé, tí mo fi ń tú u,
eyín ike ń já kúrò nínú ihò, kíì, kíì.
Ọ̀kan dá. Mo ṣépè.
Ọmọ ní, Màámi!

Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ ní Winnipeg.
Ọ̀dà kì í gbẹ nínú òtútù;
ara agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà.
Ọ̀gbẹ́ni Bohdan, ará ilé kejì,
tó ti ń bá òtútù jà láti ọgọ́ta ọdún,
gbé ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀ wá sí gáréèjì wa.
Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ tán,
àtàǹpàkò lára ike, ọmọńdinrín lẹ́nu agolo:
báyìí ni kó jìnnà tó.

Kí n tó kùn ún, mo ní láti ha á.
Omi, ọṣẹ, ha, ha, ha,
ẹ̀búbú rẹ̀ ń bọ́ sórí bàtà iṣẹ́ mi.
Lábẹ́ àwọ̀ eérú, mo rí búlúù.

Mo dúró.

Kì í ṣe búlúù ilé-iṣẹ́. Ojú búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára rẹ̀,
irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo há sínú rẹ̀.
Ẹnìkan ti ṣe èyí rí.
Ẹnìkan tí kò ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là
ti lóṣòó báyìí rí ní gáréèjì tirẹ̀,
bóyá rédíò ń sọ iye yìnyín tó ń bọ̀.
N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ní èmi ni ẹnì kẹrin.
Mo kí i: ẹ kú iṣẹ́ o.

Wọ́n ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.
Ìgbín kì í lọ síbi iṣẹ́ òru lágogo mẹ́wàá,
kò ní arúgbó méjìlá tí yóò yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì.
Mo kánjú nígbà tí mo fín in lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dà bú sẹ́kún,
ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìdìmú wálẹ̀,
ẹkún dúdú tó gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Mo tún un ha. Mo tún un fín. Fẹ́lẹ́. Fẹ́lẹ́.
Mo fi wáyà ìkọ́ṣọ gbé wọn kọ́ sára igi àjà,
wọ́n ń fì bí àdán,
mo sì lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú òórùn rẹ̀ nínú irun mi.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀,
wọ́n dúdú, wọ́n tutù lójú, wọn kò dán ju bó ṣe yẹ,
àfi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Ojú àtàǹpàkò kékeré kan wà láàárín rẹ̀ gan-an.
Mofìyìn ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ.
Ó ti gbẹ báyìí.
Mo mú sáńpépà. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo dá gbogbo rẹ̀ padà.
Eyín tó dá yẹn kò jẹ́ kí ti ẹ̀gbẹ́ mi jókòó dáadáa;
bí mo bá ti kọjá ọgọ́ta lórí títì, á máa kùn,
bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò fẹ́ sọ.
Mo ká ìbọ̀sẹ̀ kan, mo fi há a lẹ́nu.
Ó ku dọ́là mẹ́rin, ó ku ààbọ̀ agolo.
Ọ̀gbẹ́ni Bohdan ní àga kan wà nílé òun
tí òun fẹ́ kí n bá òun wò.