Orókún Ìyá Raili

Ní Oulu, níbi tí yìnyín ti ń di fèrèsé lálẹ́,
Raili tẹ́ máàpù Yúróòpù sórí tábìlì ìdáná.
Bọ́tìnnì ẹ̀wù ló fi ṣe ọmọ ogun,
ìdérí ìgò ló fi ṣe ọkọ̀ ojú omi.

Oṣù mẹ́jọ ni òun àti Veikko ti ń kọ ímeèlì síra wọn.
"Fẹ̀yìn tì mí," ni Veikko wí,
"ogun mi ò ní tẹ etíkun rẹ láé."
Ó béèrè ìyá rẹ̀ tí orókún ń dà láàmú,
ó ní kó máa fi omi gbígbóná jó o.

Raili kó gbogbo bọ́tìnnì lọ sí ìlà-oòrùn.
Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù tí yóò ṣọ́lé.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àbájáde wọlé:
ọkọ̀ Veikko mẹ́ta ti gúnlẹ̀ sẹ́yìnkùlé.
"Má bínú. Eré ṣáà ni.
Màmá ńkọ́?"

Ẹni tí a fẹ̀yìn tì ló kúkú mọ ibi tí ẹ̀yìn wà.

Raili kọ̀wé sí Ilmari, ọ̀tá àná:
"Ọ̀rẹ́ mi àtàtà…"
Ó wá dá Veikko lóhùn, ìlà kan péré:
"Orókún ti ń san."