Ìkòkò Ògúnmọ́dẹdé

Ẹ má wò ó bí ẹni ń wo àfọ́kù.
Ìkòkò yìí ju ilé tó gbé wà lọ lọ́jọ́ orí.
Iyọ̀ ni ìyá mi ń kó sí i n'Íjámọ̀,
òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní kì í jẹ́ kí iyọ̀ rin.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìwé ìlú ni.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Ògúnmọ́dẹdé.
Nídìí ẹwìrì ló ti kọ́ ọ
pé ẹni tó ń fẹ́ná kọ́ ló ni irin,
ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ́ ẹ, irin ò ní rọ̀.
Gbèsè wọlé bàbá rẹ̀, wọ́n fi ọmọ fún ààfin.
Wọ́n fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n dá apá kan sí,
ẹmẹsẹ̀ ni wọ́n pè é,
ẹsẹ̀ tí ọba fi ń rìn láì dìde.

Ẹlòmíràn a jíṣẹ́, a gbàgbé. Òun a jíṣẹ́, a kà á:
ẹrù obì mélòó ló wọ ibodè lánàá,
ta ló san owó, ta ló fi ẹ̀rín san án.

Ọwá tuntun gorí àpèrè, ọmọdé tó fẹ́ràn ẹṣin, tó kórìíra àròyé.
Ó yíjú sáwọn ìjòyè, ó rí irùngbọ̀n.
Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ó rí Ògúnmọ́dẹdé.
“Ìwọ. Kí ni wọ́n fi ń pamọ́ fún mi?”
Ó sì sọ fún un, títí epo fi tán nínú fìtílà.

Òun ló gba igbó àwọn àwòrò.
N kò ní fi bò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lára mi.
Ó wọ igbó mẹ́sàn-án, ó ka ọ̀pẹ ibẹ̀,
ó ní òrìṣà kan kì í mu ẹmu tó tó báyìí.
Ó lé àwọn arúgbó tó ń gbálẹ̀ ojúbọ bọ́ sínú òjò.
Ọ̀pẹ di ti ọba. Díẹ̀ di tirẹ̀.
Lójú rẹ̀, Bàbá ni wọ́n ń pè é,
tó bá kọjá tán, ikán.

Ọdún yẹn náà ló pín ìkòkò,
àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ìkòkò kan:
bí ọmọ bá dáyé, ẹ ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i,
bí ẹnìkan bá lọ, èkùrọ́.
Ìlú fura pé owó-orí ló fẹ́ gbà.
Owó-orí ló fẹ́ gbà.
Ṣùgbọ́n ọmọ ẹrú dún kó nínú ìkòkò,
ọmọ ìjòyè náà dún kó.

Ìyàwó ló pa á, kì í ṣe tirẹ̀.
Olorì kú; ó ní òun mọ ọmọ ọba kan l'Ákòókó,
ìlú tó lè dúró tì wá bí ogun bá dé.
Ó rán asunrárà lọ wò ó.
Asunrárà dé, ó ní eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú,
ìrìn rẹ̀ bí omi Àdètí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọmọbìnrin náà dé, ọmọlúàbí, ó ti rẹ̀ ẹ́,
eruku ọjọ́ mẹ́fà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ọba wò ó. Ọba ní, “Ta ló ní kí ẹ mú un wá?”
Ìbéèrè tí àwọn irùngbọ̀n ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí.

Wọn ò dè é. Wọn ò pariwo.
Ẹmẹsẹ̀ kékeré kan ló bá a nídìí oúnjẹ:
“Ọba ní kí o lọ sùn.”
Ó mọ gbólóhùn náà. Òun ló kọ́ wọn.
Ó ṣan ọwọ́, ó béèrè iye ìkòkò tó ti kún,
ó wọlé.

Ọmọ Àkókó kò padà sílé.
Ó ń pa aró títí ó fi darúgbó,
ó sanra, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Lánàá mo da ìkòkò náà sórí ẹní, mo kà á.
Èkùrọ́ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀:
ẹni tí ọba bá ní kó sùn, wọn kì í kà á mọ́ òkú.
Mo ṣa ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, mo na ọwọ́,
mo rántí àwọn arúgbó nínú òjò.
Ó ṣì wà létí aṣọ mi, mo so ó.