Kí Ọ́ìlì Tó Ro Tán

Lẹ́yìn Tákíé, níbi tí igi máńgòrò ti bo páànù ṣọ́ọ̀bù wa,
ògiri kan wà tí a kò kùn rí.
Ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀gá mi, Gbàdégẹṣin, fi kọ ọ́ kún:
orúkọ ọkọ̀, ọjọ́, iye kìlómítà.
Dátsùn olùkọ́ Máṣífà. Píjò ẹlẹ́ran Ìjẹrù.
Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti wọ̀n tà fún oníirin àlòkù,
ìlà wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá a fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ,
a fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìfábẹ̀là,
a gbé e sí imú, a ní:
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta kìlómítà. Kò gbọdọ̀ lé."

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Nọ́ọ̀sì Oyèbọ́lá ń dé,
ọjọ́ Ẹtì, kó tó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ wo ìyá rẹ̀ l'Ákẹ̀sán.
Màá wọ abẹ́ Kòrólà, màá tú nọ́tì,
ọ́ìlì á ya bí òjò, á di okùn, á wá di ẹ̀kán.
Bí mo bá ti jáde, òun ti jókòó sórí táyà:
"Mú apá rẹ wá."
Aṣọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ á fún mi bí ẹni pé ó bá mi jà.
Ìró méjì ló wà nígbà náà,
ọ̀kan nínú ike lábẹ́ ọkọ̀, tó, tó,
ọ̀kan tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ.
Kí ọ́ìlì tó ro tán, ó ti sọ iye tí mo jẹ́.

Lẹ́yìn ọyẹ́ èṣí, ó gbé ike kan wá láti Ìlọrin, èdìdì rẹ̀ pé.
Ọ́ìlì tí wọ́n to hóró rẹ̀ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀,
kò sí ńlá, kò sí kékeré;
iná ẹ́ńjìnnì kì í tètè jẹ ẹ́.
"Ẹgbàárùn-ún," ló wí. "Ó di ọdún kan."
Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló kọ ìwé ara ike yìí?
Ṣé ó ti tọ ẹ̀yìn tírélà láti Ọ̀yọ́ dé bí rí,
jíà kìíní, jíà kejì, jíà kìíní,
eruku nínú eyín?
Ó ní kí n ṣáà dà á.
Mo dà á. Ó mọ́ bí oyin, ó yá ju oyin lọ.

Oṣù mẹ́ta pé, n kò rí i.
Máńgòrò pọ́n, ó ń já lu páànù,
àwọn ọmọṣẹ́ ṣà á jẹ tán.
N kò lè sọ pé owó ló ń dùn mí.
N kò sì lè búra pé kì í ṣe owó.

Ọ̀gá mi, tó mọ òórùn gbogbo ẹ́ńjìnnì,
kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wò rí.
Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ló ṣubú, sípánà mẹ́tàlá lọ́wọ́.
Ìlà tó kọ kẹ́yìn, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni.

Oṣù kẹjọ, Kòrólà yà wọlé.
Mo fa ọ̀pá yọ. Ó ti dúdú díẹ̀,
ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ láàárín ìka, kò rùn, kò dín.
Mo jẹ́wọ́: "Ọ́ìlì yín ṣì dára. Fíltà nìkan ni kí a pààrọ̀."
Ó ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè ọ́ìlì. Mú apá rẹ wá."
Ohunkóhun kò ro lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.
Ó wo òǹkà lẹ́ẹ̀mejì.
Ó mú ṣọ́ọ̀kì lójú fèrèsé, ó bọ́ sídìí ògiri,
lábẹ́ Píjò ẹlẹ́ran ó kọ ọ́:
Láògún. Mẹ́tàdínláàádọ́sàn-án lórí márùndínláàádọ́fà.
Níbi tó yẹ kí kìlómítà wà,
ó kọ: ọ̀sẹ̀ méjì.